Yímíyímí Orí Àyà Òkú

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ̀wọ̀n gbére ni adájọ́ dá fún mi. Inú ibí yìí ni màá kú sí. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni bá mi bẹ̀bẹ̀, nítorí èmi ni mo pa Bàbá.

Kí n tó dé ẹ̀wọ̀n, Castle Hill lókè òkun ni mò ń gbé, iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mò ń ṣe. Bàbá tí mò ń tọ́jú, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ń dá gbé ní Laurelton níbẹ̀. Nígbà èwe wọn, wọ́n bá àwọn òyìnbó wú ibojì àtijọ́ ní Íjíbítì. Bí mo bá ń wẹ̀ fún wọn, ìtàn ibojì ni wọ́n máa ń sọ.

"Ará Íjíbítì gbà pé tí èèyàn bá kú, wọ́n á gbé ọkàn ẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, wọ́n á fi ìyẹ́ ẹyẹ kan sí apá kejì. Tí ọkàn bá wúwo jù, ẹranko burúkú kan á jẹ ẹ́, ó parí nìyẹn. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi òkúta gbẹ́ yímíyímí, wọ́n á gbé e lé òkú láyà. Wọ́n á kọ ẹ̀bẹ̀ sí ikùn ẹ̀, pé kí ọkàn má jẹ́rìí ta ko ẹni tó ni ín."

Ọ̀kan wà nínú dúrọ́ọ̀ wọn. Ohùn wọn rẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ ìyókù.

"Gbogbo ohun tá a bá wú là ń kọ sínú ìwé, àti ibi tá a ti rí i. Èyí nìkan ni mi ò kọ. Inú ìbọ̀sẹ̀ ni mo fi sí. Mo gba alágbàwí òkú lọ́wọ́ òkú."

Ìlẹ̀kẹ̀ kékeré kan wà nínú dúrọ́ọ̀ yẹn kan náà. Òun ni mo kọ́kọ́ mú. Mo ní kí ni ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo já mọ́? Ọkùnrin kan tó ń ta ohun àtijọ́ rà á, ó sì bi mí bóyá nǹkan mìíràn ṣì wà. Láti ọjọ́ náà ni ojú mi ti wà lára yímíyímí.

Láìpẹ́, Bàbá dì í sínú páálí, wọ́n kọ lẹ́tà mọ́ ọn, wọ́n ní kí n fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba Íjíbítì. Wọ́n fẹ́ kó padà sílé kí àwọn tó kú. Mo mú un jáde, mo fi òkúta inú ọgbà rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó yá, ọ́fíìsì náà pe Bàbá lórí fóònù. Ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ ni mo ti bá wọn.

"Kí lo fi ránṣẹ́ sí wọn?"

"Ohun tí ẹ fún mi náà ni, Bàbá."

"Má parọ́ fún mi. Èmi náà ti jí i rí, mo mọ bí ojú olè ṣe ń rí."

Wọ́n na ọwọ́ sí fóònù láti pe ọlọ́pàá, mo tì wọ́n. Orí wọn gbá etí ọpọ́n ìwẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò kú.

"Jọ̀ọ́, pe ambúláńsì," ni wọ́n ń wí.

Mo mú fóònù dání, mo jókòó, mo ń wò wọ́n títí ohùn wọn fi lọ. Mo lè ní ìbínú ló mú mi tì wọ́n. Jíjókòó yẹn, èmi fúnra mi ni mo yàn án.

Mo sọ fún ọlọ́pàá pé wọ́n yọ̀ ṣubú ni, wọ́n sì gbà mí gbọ́. Nígbà ìsìnkú, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Bàbá bí dì mọ́ mi.

"Uncle, ẹ ṣé gan-an. Ẹ take care of Daddy mi."

Yímíyímí náà wà nínú àpò kóòtù mi. Mo fẹ́ sọ pé kò tọ́pẹ́, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Èmi ni mo pa wọ́n."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ yìí ti sú yín. Ó sú èmi náà nígbà kan. Bí ohun kékeré tí kì í ṣe tiyín bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ lọ sọ fún ẹni tó ni ín lónìí, kí ojú tì yín, kí ó tán. Ká ní mo jẹ́wọ́ ìlẹ̀kẹ̀ yẹn lọ́jọ́ kìíní ni, Bàbá ì bá bú mi, wọn ì bá lé mi. Àmọ́ wọn ì bá ṣì wà láàyè.