Rédíò Tó Ní Etí Tí Kò Ní Ẹnu

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ dúpẹ́ ná. Baba tó ni òkè, tó tún ni omi, Ẹni tó gbọ́ mi nígbà tí n kò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ń gbọ́, ẹ ṣé, Baba mi. Ẹ má wo omijé ojú mi, ẹ jẹ́ kó máa dà.

Èmi ni Sister Bọ́sẹ̀, ìyá Ìbùkún, ìyàwó Brother Káyọ̀dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ wá ní Boundary, ní Ajégúnlẹ̀ níbí, mọ̀ pé ẹnjíníà ni ọkọ mi, inú ọkọ̀ apẹja ńlá tó máa ń gbéra ní èbúté Kirikiri ló ti ń ṣiṣẹ́. Tó bá ti wọ agbami, ọ̀sẹ̀ á gun orí ọ̀sẹ̀ kí a tó fojú kàn án. Fóònù kì í lọ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi wá rédíò sátẹ́láìtì méjì, ọ̀kan fún ilé, ọ̀kan fún ọkọ̀, kí àwa àti òun lè jọ máa gbọ́ àdúrà òwúrọ̀ ìjọ wa.

Ẹ fara balẹ̀, mo fẹ́ ṣàlàyé rédíò yẹn, torí òun gan-an ni ẹ̀rí mi. Rédíò tí gbogbo wa ń gbọ́, òpó ilé iṣẹ́ rédíò ló ń gbé ohùn rẹ̀ wá. Tẹ́ ẹ bá ti jìnnà sí òpó náà, ariwo ṣàà ló kù. Ti sátẹ́láìtì kò rí bẹ́ẹ̀. Díìṣì ńlá tó wà lórí òrùlé hẹdikọ́tà ìjọ wa ní Warehouse Road, Àpápá, ló ń ju ohùn sókè. Sátẹ́láìtì tó dúró sójú kan lókè lọ́hùn-ún á gbà á, á sì dà á padà sórí ilẹ̀ àti sórí omi bí òjò. Ibi yòówù kẹ́ ẹ wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ óò gbọ́, bí àńtẹ́nà yín bá ṣáà ti kọjú sí i. Àńtẹ́nà ọ̀hún pẹlẹbẹ, kò ju ẹ̀yìn Bíbélì lọ, bátìrì kékeré tirẹ̀ ni rédíò náà sì ń lò. Bí ògiri tàbí igi bá dí i lójú, ó dákẹ́ nìyẹn. Nílé wa, ojú fèrèsé kan ṣoṣo ló ti ń gbọ́, èmi àti ìyá ọkọ mi sì ti jà lórí fèrèsé yẹn títí, torí ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ràn láti máa sá aṣọ tútù sí.

Ohun tó tún kù ni pé etí ló ní, kò ní ẹnu. Ẹ lè máa gbọ́ ọ láti àárọ̀ dalẹ́, kò lè bá yín fèsì.

Ẹ sì mọ àṣà wa. Láràárọ̀, Brother Gídíónì tó ń darí ètò náà máa ń pe orúkọ àwọn ará wa tó wà lórí omi. Bí wọ́n bá pe ti ẹni rẹ, ìwọ tó o wà nílé ni wàá dáhùn fún un pé, “Ó wà láàyè.” Ìyá ọkọ mi kì í jẹ́ kí n ráyè dáhùn. Ẹnu wọn á ti gba orúkọ yẹn kí Brother Gídíónì tó pè é tán.

Àfi bí ilé iṣẹ́ ọkọ mi ṣe ránṣẹ́ pè mí sí Kirikiri. Wọ́n ní ìjì mú wọn lójú òkun, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kú, omi wọ ibi tí bátìrì ńlá wà. Látìgbà tí àwọn inú ọkọ̀ ti sọ ìyẹn, ilé iṣẹ́ ò gbúròó wọn mọ́. Wọ́n ti rán ọkọ̀ mìíràn lọ wá wọn, ó dé lọ́wọ́ òfìfo. Ọmọ Ajégúnlẹ̀ níbí ni Captain Tímì tó wa ọkọ̀ náà. Kò lè wò mí lójú.

Ó ní, “Madam, sea no be gutter for Boundary. I call dem tire for radio. Nobody answer.”

Mo bi í pé rédíò wo ló kù tí wọ́n lè fi dáhùn. Ó ní àfi wọkitọ́kì, èyí tí kì í gbóhùn jìnnà, tí bátìrì rẹ̀ sì kéré. Mo mọ ọkọ mi. Ọkọ mi lè bọ́ ẹ̀wù ọrùn rẹ̀ fún yín, ṣùgbọ́n kò jẹ́ fi bátìrì tọrẹ. Bí wọ́n bá ti múná lọ ní Boundary, pípa ló ń pa fóònù rẹ̀, á tàn án fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á tún pa á. Mo wí fún Captain pé ó ti pa wọkitọ́kì yẹn. Nígbà tẹ́ ẹ ń pè é, pípa ló wà. Nígbà tó bá tàn án, ẹ ò sí nítòsí. Àfi kí ẹ̀yin àti òun jọ fi àdéhùn sí aago kan.

Ó mi orí. “How you wan take tell am?”

Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé. Bí mo ṣe wọlé, ìyá ọkọ mi ni mo bá lójú fèrèsé, wọ́n gbé rédíò sátẹ́láìtì sẹ́nu, wọ́n ń pe ọmọ wọn sínú rẹ̀. “Káyọ̀dé, ọmọ mi, dá mi lóhùn.” Ọkàn mi bàjẹ́. Mo rọra gbà á lọ́wọ́ wọn.

Mo ní, “Ìyá, kò lè gbọ́ yín. Eléyìí ò ní ẹnu.”

Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, “Èyí tó wà lọ́wọ́ Káyọ̀dé ńkọ́? Ṣé ìyẹn ò ní etí ni?”

Ẹ̀yin ará, n kò tilẹ̀ jókòó. Mo gba Warehouse Road lọ. Bàbá wa nínú Olúwa gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì ní kí wọ́n kéde rẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì: kí ọkọ mi tan wọkitọ́kì ní aago méjìlá ọ̀sán. Captain náà gbà láti padà sójú òkun, kó pa ẹ́ńjìnnì ní àkókò yẹn, kó máa tẹ́tí.

Ilẹ̀ mọ́. Mo dúró sójú fèrèsé. Brother Gídíónì kí Bàbá, ó kí Màmá, ó kí àwọn àgbà ìjọ, ó kí ẹgbẹ́ ìyá rere àti ẹgbẹ́ baba rere. Kúáyà kọrin, wọ́n tún un kọ. Ìgbà tí ètò fẹ́ parí ló wá ka ìkéde náà, ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo sáré dé Kirikiri, mo jókòó ti rédíò ńlá tí ilé iṣẹ́ fi ń bá Captain sọ̀rọ̀. Aago méjìlá lù, ó kọjá. Kò sí nǹkan kan.

Inú bí mi, n ò purọ́ fún Ọlọ́run. Mo padà sí Warehouse Road, mo ní, “Brother Gídíónì, ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ kú, omi ló ń yí i. Bó bá yí, àńtẹ́nà á kẹ̀yìn sí sátẹ́láìtì, ohùn á gé. Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni kẹ́ ẹ sọ, kẹ́ ẹ máa tún un sọ.”

Ó ní, “Sister, ṣé a ó wá máa sọ̀rọ̀ láìkí àwọn àgbà ni?”

Mo ní, “Tí ọkọ mi bá dé, ẹ kí wọn dalẹ́.”

Bàbá gbọ́ wa láti ọ́fíìsì wọn. Wọ́n ní kí wọ́n fi ìkíni tàwọn sílẹ̀, kí wọ́n gbé maikirofóònù fún mi.

Nítorí náà, lówùúrọ̀ tó tẹ̀ lé e, èmi ni mo wà nínú stúdíò. “Bàbá Ìbùkún, ẹ tan wọkitọ́kì ní aago méjìlá ọ̀sán. Captain ń gbọ́.” Bẹ́ẹ̀ ni mo ń sọ ọ́, tí mo ń tún un sọ. Rédíò sátẹ́láìtì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń yẹ ètò wò. Tí mo bá sọ̀rọ̀ tán, ohùn mi á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bọ̀ láti òkè, ó ti lọ, ó ti dé. Ẹ̀rù bà mí. Mò ń bá ẹni tí n kò mọ̀ bóyá ó wà láàyè sọ̀rọ̀.

Ojú ọ̀run Àpápá wá ṣú dùdù. Òjò ńlá kì í jẹ́ kí ohùn gòkè, kì í jẹ́ kó sọ̀. Ìkán àkọ́kọ́ bọ́ sórí páànù, ohùn mi tó ń ti òkè bọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gé wẹ́wẹ́. Bàbá kúnlẹ̀ sórí símẹ́ǹtì. Gídíónì náà kúnlẹ̀. Èmi ò lè gbàdúrà, ọ̀rọ̀ kan náà ni mò ń sọ ṣáá, àwọn ló ń bá mi gbà á. Ẹ̀yin ará, òjò yẹn fọ́n díẹ̀, ó sì dáwọ́ dúró. Èmi kọ́ ni mo dá a dúró. Ìgbà tí mo jáde tán, tí mo dé Kirikiri, ló tó rọ̀.

Aago méjìlá lù. Rédíò ńlá ń hó. Captain ní, “Nothing.” Mo fi orí lé tábìlì. Lẹ́yìn náà ló ní, “Wait. Person dey talk.” Mo gbé orí sókè. Ó ní, “E just dey repeat am. E say, mo wà láàyè.”

Mo ṣubú lulẹ̀. Wọ́n ń tẹ̀ lé ohùn ọkọ mi, ibi tó bá ti ń dún ketekete sí i ni wọ́n ń yí orí ọkọ̀ sí, títí wọ́n fi rí wọn. Kò sí ẹni tó bá omi lọ nínú wọn.

Ọkọ mi ní lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn gbọ́ gbogbo ìkíni pátá, àwọn tilẹ̀ bá kúáyà gbe orin. Bí Brother Gídíónì ṣe ní, “Ìkéde pàtàkì wà,” bẹ́ẹ̀ ni omi yí ọkọ̀ padà, ohùn gé. Lọ́jọ́ kejì, ó ní ohùn mi ń gé, ó ń padà, àmọ́ gbogbo ìgbà tó bá padà, mo ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ bá mi yọ̀, ẹ̀yin ará. Ẹni tó bá ń ké pe Ọlọ́run tí kò tíì gbọ́ èsì, kó má gbé ẹnu dúró, etí ń bẹ lọ́hùn-ún. Ògo ni fún Ẹni tó ni etí náà. Ọkọ mi ló jókòó síwájú yẹn. Brother Gídíónì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ẹ pe orúkọ rẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe máa ń pè é. Ìyá, ẹ má bínú, ẹ pa ẹnu mọ́ lónìí. Ẹ jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn.