Èmi Ni Mo Pa Ohùn Màmá Rẹ́

Ẹ̀yin ẹbí mi, ẹ jókòó kí ẹ tó ka ìwé yìí. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ tèmi kò tó ogún ọdún. Ọdún mẹ́rin péré ló rìn, ó sì ti rẹ èmi tí mo pọ̀n ọ́n sẹ́yìn. Ẹ̀dà márùn-ún ni mo tẹ̀: ọ̀kan fún Àǹtí, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọ̀kan fún ìyàwó mi, méjì fún àwọn ọmọ. Ẹni tó ni ìkarùn-ún, ẹ óò rí i nísàlẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi gbé bébà mì lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó gbà láti ṣiṣẹ́. Ó jọ pé òun pàápàá kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí jáde.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi yẹ ìròyìn wò nílé iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Ìbéèrè mẹ́ta ni iṣẹ́ mi: ta ló sọ ọ́, ìgbà wo ni, ta ló rí i? Kọ̀ǹpútà kì í ṣe iṣẹ́ mi rárá, eré ọwọ́dilẹ̀ ni. Ẹ mọ yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná wa: kọ̀ǹpútà mẹ́ta, méjì kò tàn, àti àpótí wáyà tí mi ò mọ ohun tí ìdajì wọn ń ṣe mọ́. Ìyàwó mi bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ṣé èmi lẹ fẹ́ ni, àbí wáyà?" Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kù ń pè mí ní Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ ni, èmi sì gbà á bí oyè.

Oyè náà kò jẹ́ kí n sinmi. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, kọ̀ǹpútà mi ní òun fẹ́ ṣe ìsọdọ̀tun, ṣé kó ṣe é?" Kó ṣe é. "Ó ti kú o!" Kò kú, ìsọdọ̀tun ló ń ṣe. "Ó ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà." Ẹ kọ ọ́. "Èwo?" Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ju fóònù mọ́ ògiri. Èwo ni mo fẹ́ mọ̀? Síbẹ̀, bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí ẹnikẹ́ni kò pè mí, ara mi kì í lélẹ̀. Ibẹ̀ ni àìsàn mi wà.

Kọ̀ǹpútà Àǹtí ni mo fi dẹ́ṣẹ̀. Lọ́dún tó gbẹ̀yìn ayé Màmá wa, ọ̀sán-ọ̀sán ni Àǹtí máa ń jókòó tì í, tí yóò gbé máìkì kékeré tí mo rà síwájú rẹ̀, tí yóò sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Màmá bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ méjèèje sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi òfin kan dè é: "Kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ tirẹ̀ títí yóò fi jáde ilé ìwé gíga. Ọmọdé ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé." Méjì nínú àwọn ọmọ ti gbọ́ tiwọn. Àwọn márùn-ún ń retí. Ọmọbìnrin tèmi wà nínú àwọn márùn-ún náà.

Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ó ń kùn bí oyin. Àǹtí gbé e lọ fún ọkùnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù ní ìkángun òpópónà wọn, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Atúnṣe. Atúnṣe pààrọ̀ fáànù rẹ̀, ó gbọn eruku inú rẹ̀ dànù, ó dá a padà lọ́jọ́ Ajé. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Èmi dé ibẹ̀ lọ́jọ́rú, inú sì bí mi pé wọn ò kọ́kọ́ ké sí mi.

Mo ní, "Ẹ̀rọ yìí ń fà tìkọ̀. Ètò inú rẹ̀ ti gbó. Ẹ jẹ́ kí n nù ún mọ́ pátápátá, kí n fi tuntun sí i."

Àǹtí ní, "Kò fà tìkọ̀ lójú tèmi o. Ohùn Màmá ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta lẹ rò pé ẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé báàgì rẹ̀, ó gba ilé ìwé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ lọ. Mo ki fláàṣì bọ ẹ̀rọ, kí n fi tọ́jú ohùn Màmá. Àwòrán fódà kan wà lójú kọ̀ǹpútà náà, "Màmá" ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Mo fà á sínú fláàṣì. Ó wọlé kí n tó ṣẹ́jú. Ohùn wákàtí mẹ́sàn-án, kí n tó ṣẹ́jú! Ká ní akọ̀ròyìn kan ló gbé irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ wá bá mi ni, ǹ bá jù ú padà sí i. Ọfà tíńtín kan wà létí àwòrán náà. Gbogbo ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣeré ló mọ ohun tó dúró fún: kì í ṣe fódà gan-an, ọ̀nà àbùjá tó lọ sídìí fódà ni, bíi pátákó tí wọ́n fi júwe ilé. Èmi fúnra mi ni mo gbé e síbẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú, kí Àǹtí má baà máa wá fódà kiri. Mo tọ́jú pátákó, mo dáná sun ilé.

Kí n tó sun ún, kọ̀ǹpútà bi mí pé: "Gbogbo ohun tó wà níbí yóò parẹ́. Ṣé ó dá ọ lójú?" Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún bi mí. Mo kígbe mọ́ ọn pé, "Kí ni gbogbo ìbéèrè yìí?" Mo tún tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rọ tí kò lọ́kàn bi mí lẹ́ẹ̀mejì. Èmi tí mo lọ́kàn kò bi ara mi lẹ́ẹ̀kan.

Ìgbà tí mo ṣí fláàṣì ni mo rí fáìlì ẹyọ kan, tí kò wúwo ju kìlóbáìtì kan lọ, ìwọ̀n tí kò lè gba gbólóhùn kan. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ní òun kò rí ibi tí òun ń lọ. Gbogbo ọgbọ́n tí mo mọ̀ ni mo dá láti gba àwọn fáìlì náà padà, àmọ́ ètò tuntun tí mo tẹ́ sórí wọn ti jókòó pa wọ́n. Bí Àǹtí ṣe wọlé, ó bi mí léèrè. Ẹ wo ẹnu tí mo fi dá a lóhùn: "Òfìfo ni mo bá nínú fódà náà kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ta ló fọwọ́ kan ẹ̀rọ yìí kẹ́yìn?" Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo kàn béèrè ni. Àrékérekè ẹni tó ti pẹ́ nídìí ìròyìn nìyẹn. Àǹtí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní, "Atúnṣe."

Ká ní mo dákẹ́ síbẹ̀ ni, ẹ̀ṣẹ̀ náà ì bá fúyẹ́ díẹ̀. Mo tẹ̀ lé Àǹtí lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà. Àwọn oníbàárà mẹ́rin wà níjòókòó.

Atúnṣe dìde, ó ní, "Àǹtí, fáànù ni mo pààrọ̀. Fáànù kì í jẹ ohùn èèyàn."

Obìnrin kan níbẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo yára gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu Atúnṣe, mo da èdè kọ̀ǹpútà bò ó bí òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá. Ọkùnrin náà wò mí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin mọ iṣẹ́ yìí. Ṣé lóòótọ́ lẹ gbà pé èmi ni?" Mo ní, "Ohun tí mo rí ni mò ń sọ." Mo délé, mo kọ àbọ̀ ìwádìí ojú ewé kan tó dá Atúnṣe lẹ́bi fún Àǹtí, ọjọ́ àti wákàtí pé síbẹ̀, kò sí àṣìkọ kan ṣoṣo nínú rẹ̀, kò sì sí òtítọ́. Àǹtí fi ránṣẹ́ sí gbogbo àdúgbò lórí fóònù. Láàárín oṣù méjì, ẹnikẹ́ni kò gbé ẹ̀rọ lọ fún Atúnṣe mọ́. Àwọn kan ń pè é ní Ajẹ-ohùn. Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù pa, ó wá ń ṣiṣẹ́ ní pálọ̀ rẹ̀.

Ní oṣù tó kọjá, ìsọdọ̀tun kan pa kọ̀ǹpútà tèmi. Mo fi ọ̀sẹ̀ kan bá a jà, mo bú u, mo bẹ̀ ẹ́, kò dá mi lóhùn. Kò sí ọ̀nà mìíràn tó kù, mo gbé e lọ sí pálọ̀ Atúnṣe. Ó gbà á, kò sọ̀rọ̀ àtijọ́. Ó ní, "Ẹ fún mi ní fláàṣì kan, kí n kọ́kọ́ da iṣẹ́ yín kọ kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan." Mo na àpótí fláàṣì mi sí i. Ó mú ọ̀kan, ó tì í bọ ẹ̀rọ rẹ̀. Fáìlì ẹyọ kan ló wà nínú rẹ̀: "Màmá", pẹ̀lú ọfà létí. Ó wo ìwọ̀n rẹ̀. Ó wo ọjọ́ tó wà lára rẹ̀: Ọjọ́rú tí mo nu ẹ̀rọ Àǹtí. Ó yọ ọ́, ó sì fi í sí àtẹ́lẹwọ́ mi.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá da nǹkan kọ, ẹ máa ṣí i wò kí ẹ tó pa ti àkọ́kọ́ rẹ́." Ó mú fláàṣì mìíràn, ó tún ẹ̀rọ mi ṣe, nǹkan kan kò sọnù. Nígbà tí mo ń lọ, ó ní, "Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ká ní ó gbá mi létí ni, ǹ bá ṣì lè sùn.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, ọmọ mi yóò jáde ilé ìwé gíga. Ó mọ̀ pé ohùn Màmá ti parẹ́, ṣùgbọ́n Atúnṣe ló ń dá lẹ́bi. Ọmọ mi, èmi ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀rọ kì í purọ́ fún ẹni tó bá fara balẹ̀ kà á. Àwa tí a mọ̀ ọ́n lò ni kí ẹ máa ṣọ́ra fún. Àǹtí, mo dọ̀bálẹ̀, àmọ́ ẹ má tíì dárí jì mí. Ìkarùn-ún ìwé yìí, ti Atúnṣe ni. Mo ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo àdúgbò láàárọ̀ yìí, ní ibi kan náà tí irọ́ mi ti gbà wọlé. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ bá a lọ́la. Bó bá ṣílẹ̀kùn, ẹ pè é ní Atúnṣe kí gbogbo òpópónà gbọ́, kí ẹ sì wọlé. Èmi yóò dúró níta títí yóò fi ní kí n wọlé, tàbí kí n máa lọ.