Bàbá Ọkọ Mi Níwájú Orí Egúngún

Ọdún tí náírà dé ni. Lórí ìlà bọ́ọ̀sì ní Marina, ìyá kan níwájú mi gbé ojú egúngún tí ọmọ rẹ̀ fi bébà àti sítáàṣì ṣe ní kíláàsì dání, ó ń bá tíṣà ọmọ náà sọ̀rọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, tíṣà. Ìwé ìròyìn àtijọ́ lẹ ní kó mú wá, àbí? Èyí tí ọkọ mi gbé àwòrán ìrántí bàbá wọn tó kú sí ló mú. Ẹ wò wọ́n níwájú orí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín."

"Ẹ má bínú, mà. Iṣẹ́ ọnà lásán ni, kì í ṣe egúngún."

"Mo mọ̀. Egúngún a máa bojú. Tiyín kọ orúkọ àti ọjọ́ ikú síwájú orí."

Tíṣà ní òun lè fi ọ̀dà kùn ún.

"Ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ sílé, kí ẹ fẹnu ara yín sọ fún ọkọ mi pé ẹ fẹ́ kun bàbá wọn lọ́dà."