Ọ̀rọ̀ Búlúù Tó Gbé Ìyá Oyèníyì Lọ Sínú Faransé

Ẹ sáré, Ẹ̀gbọ́n Fréjus, ẹ túbọ̀ sáré, ẹ jọ̀ọ́! Mo ti dì yín mú lẹ́yìn alùpùpù yìí, mi ò ní jábọ́, bí mo bá sì jábọ́, ẹ fi mí sílẹ̀ nínú eruku pupa yìí kí ẹ máa lọ sí Kaboua, ẹ lọ bá mi gba abọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ẹ̀wà! Ẹ̀wà tí wọ́n fi oògùn òwú, oògùn olóró tí wọ́n ń fín sí òwú lóko, pa kòkòrò inú rẹ̀ ni Ìyá Oyèníyì ń sè fún wọn o! Yéè, mo gbé!

Ẹ ní kí n fara balẹ̀? Èmi Rachida, kí n fara balẹ̀? Ẹ ò gbọ́ ohùn tí Ìyá Oyèníyì fi ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ yìí ni? Àbúrò ìyá mi, ẹni tó tọ́ mi dàgbà, inú wọn ń dùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! ‘Rachida ọmọ mi, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ka síìtì ẹgbẹ́ àgbẹ̀ yín lórí fóònù, mo tẹ ibi tí ẹ ní ká tẹ̀, mo rí àwòrán ìgò oògùn ẹ̀wà, irú rẹ̀ gan-an ni mo rà lọ́jà, kòkòrò ti kú pátápátá. Mo bẹ ọ̀wẹ̀ lónìí kí wọ́n bá mi kọ ebè, ẹ̀wà ọ̀hún ni mo fẹ́ sè fún wọn.’

Oògùn ẹ̀wà kẹ̀? Ìgò oògùn òwú ni wọ́n rí, Ẹ̀gbọ́n! Ìgò tí a ya síbẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi sí ohun tí yóò jẹ!

Mo ti pè wọ́n títí, kò wọlé. Ìyá kì í mú fóònù lọ sóko. Gbogbo ẹni tí mo sì ní nọ́ńbà rẹ̀ ní Kaboua, inú oko ọ̀wẹ̀ yẹn náà ni wọ́n wà. Ta ni kí n pè?

Ihò! Ẹ wo ihò! Haa. Ó kù díẹ̀.

Ẹ má sọ fún mi pé Ìyá ò mọ̀wé kà o. Wọ́n mọ̀wé kà! Yorùbá ni wọ́n ń kà, èmi ni mo kọ́ wọn ní kíláàsì àwọn àgbà, ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ka orúkọ ara wọn, ńṣe ni wọ́n sunkún. Láti ọjọ́ yẹn, ohun tí wọ́n bá ti rí ní Yorùbá lórí síìtì wa, òótọ́ ni lójú wọn, torí Rachida ló kọ ọ́. Òótọ́ ni mo sì kọ! Mo kọ ọ́ pé kì í ṣe gbogbo oògùn ló yẹ ẹ̀wà, ẹ tẹ ibí kí ẹ rí èyí tó yẹ. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ síìtì náà lẹ fi búlúù kun ‘ẹ tẹ ibí’ yẹn, ó dára, ó ń dán.

Ìyá tẹ̀ ẹ́. Ibo ló gbé wọn lọ? Inú Faransé! Àwòrán ìgò ló kọ́kọ́ yọ sí wọn, gàdàgbà, ọ̀rọ̀ Faransé wà lábẹ́ rẹ̀ tín-ín-tín. ‘Ẹ má fi èyí sí ẹ̀wà láé’ ni ọ̀rọ̀ náà ń wí, àmọ́ ta ló máa kà á fún Ìyá? Ẹni tó ní òun fẹ́ rí oògùn tó yẹ, tó tẹ̀ ẹ́, tó rí ìgò, kí ló máa rò? Ẹ dá mi lóhùn! Kí lẹ̀yin ì bá rò?

Ojú-ewé Yorùbá rẹ̀ sì wà o! Mo ti túmọ̀ rẹ̀ tipẹ́, ó jókòó síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, torí ẹ ò la ọ̀nà tó dé ibẹ̀. Ojú-ewé Faransé lẹ mú, ẹ dà á kọ, ẹ fi Yorùbá mi rọ́pò ọ̀rọ̀ orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ búlúù ń gbé èèyàn lọ, bẹ́ẹ̀ náà lẹ fi í sílẹ̀.

Mi ò sọ fún yín? Mo sọ! Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà yín, mo fi ìka hàn yín. Ẹ ní ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn, ẹni tó bá fẹ́ Yorùbá, kó lọ tẹ ‘Yorùbá’ ní igun òkè. Igun òkè! Ìyá mọ̀ pé igun wà níbẹ̀? Ẹ tún ní síìtì yìí, bí ẹ bá ti kọ́ ọ tán, bó ṣe wà ló ń wà, ó dìgbà tí ẹ bá tún gbogbo rẹ̀ kọ́, ẹ ò sì ráyè. Ẹnu ara yín lẹ fi sọ ọ́ pé ẹ lè ṣe é kí ọ̀rọ̀ búlúù kọ̀ọ̀kan wo èdè ojú-ewé tó wà, kó gbé èèyàn lọ sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní èdè kan náà, bí kò bá sì sí, kó sọ pé kò sí. Ẹ mọ̀ ọ́n ṣe! Ẹ kàn ò ṣe é ni. Faransé lẹ fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, gbogbo rẹ̀ sì ń lọ geere lójú yín.

Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Ẹ ò rí i bí?

Ẹ̀rù ń bà mí, Ẹ̀gbọ́n. Orúkọ mi ló wà nísàlẹ̀ ojú-ewé yẹn. Bí ẹnì kan bá kú ní Kaboua lónìí, ta ni wọ́n máa sọ pé ó pa á? Mo fi Ọlọ́run búra, bí ohunkóhun bá ṣe Ìyá, mi ò ní kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìwé mọ́ láyé mi. Kí ni mo kọ́ wọn fún? Kí wọ́n lè ka ohun tó máa pa wọ́n?

Ẹ ní kí ni? Atẹ́gùn ò jẹ́ n gbọ́. Ẹ ní ẹ jẹ̀bi? Ẹ sáré!

Èéfín nìyẹn! Ẹ yà sọ́wọ́ òsì, ẹ gba àárín ebè! Wọ́n ti jókòó, yéè, wọ́n ti bu oúnjẹ! Ẹ má jẹ ẹ́ o! Oyèníyì! Oyèníyì, sọ abọ́ yẹn sílẹ̀! Ẹ má fi kan ẹnu! Oògùn òwú ló wà nínú rẹ̀!

Ta ló ti jẹ? Kò sẹ́ni? Ẹ wojú mi, ṣé kò sẹ́ni lóòótọ́? Olúwa, a dúpẹ́. A dúpẹ́ o.

Ìyá. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ ní kí lẹ ṣe? Ẹ tọ́ iyọ̀ rẹ̀ wò? Ìyá, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́. Kí ló dé tí òógùn bò yín báyìí? Ooru iná? Ṣé ooru iná ni lóòótọ́, Ìyá?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ̀ kalẹ̀. Ẹ yí alùpùpù padà. Oyèníyì, lọ mú ìgò oògùn yẹn wá, kí o jókòó sẹ́yìn Ìyá, kí o dì wọ́n mú dáadáa. Èmi á dúró, èmi á da gbogbo ẹ̀wà yìí sínú ihò. Ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn tààrà. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ò gbọ́ Yorùbá rárá. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti sọ Faransé yín, Ẹ̀gbọ́n, kí ẹ sì sọ ọ́ kíákíá!