Àtàǹpàkò Ta Ló Wà Lórí Ìkòkò Gela?

Jumberi ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó. Gela ọmọ wa, gbé àga tìrẹ náà súnmọ́ mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí mò ń kọ́ níṣẹ́ wáìnì, ẹ̀yin náà ẹ wọlé. Dókítà ti sọ pé ìkórè àjàrà ọdún tó ń bọ̀ kò ní bá mi láyé, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti lọ fún ọdún mẹ́sàn-án, ó sì ti rẹ̀ ẹ́.

Ọdún tí a bí Gela ni bàbá wa rọ wáìnì kún ìkòkò kan tí a rì mọ́lẹ̀ dé ọrùn, pé a ò ní ṣí i títí di ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Bàbá Remazi amọ̀kòkò ló mọ ìkòkò náà. Òun náà ló fi òkúta pẹlẹbẹ dé e, tó fi amọ̀ tútù lẹ ẹ́ yí ká, tó sì tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ amọ̀ náà kí a tó da iyanrìn bò ó.

Èmi Otia, ẹ mọ iṣẹ́ mi. Èmi ni mò ń bu wáìnì fún àwọn àlejò tó ń wá tọ́ ti wa wò ní Kakheti níbí. Mo máa ń ní, "Ẹ gbóòórùn rẹ̀ ná! Ẹ má gbé e mì bí ẹni ń lo oògùn ibà." Wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á ní imú mi kò lẹ́gbẹ́. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni mò ń fẹsẹ̀ tẹ iyanrìn orí ìkòkò Gela kọjá, ojoojúmọ́ ni mo sì ń bi ara mi pé: kí ni wáìnì tí kò rí afẹ́fẹ́ fún ogún ọdún ń dà nínú òkùnkùn yẹn? Ṣé ó ń dùn sí i ni, àbí ó ń kú? Ọ̀fíntótó ni mí, mi ò ní purọ́.

Obìnrin àlejò kan láti Poland ló tì mí ṣubú. Rárá o, kí n má purọ́ mọ́ ọn, èmi ni mo ti ara mi. Ó nàka sí iyanrìn náà, ó béèrè ohun tó wà níbẹ̀, mo sì sọ fún un. Ló bá ní, "Báwo ló ṣe rí lẹ́nu?" Mo ní mi ò mọ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín: "Ọ̀gá onímú! Ti ilé yín gan-an lẹ ò mọ̀?" Ó dùn mí wọra. Mo wú iyanrìn, mo ha amọ̀ kúrò láì wò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo ti ahá bọ inú ìkòkò. Háà! Àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin, ó sì pẹ́ lẹ́nu mi ju àdúrà àlùfáà wa lọ. Mo bu fún obìnrin náà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, mo lẹ amọ̀ tuntun, mo tẹ àtàǹpàkò tèmi mọ́ ọn. Ǹ bá dúró níbẹ̀! Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń ṣí i fún àlejò tó bá ti mọ ọ̀rọ̀ í sọ, èmi tí mò ń kọ́ wọn pé afẹ́fẹ́ lọ̀tá wáìnì.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Bàbá Remazi wá ṣí ìkòkò rẹ̀. Ó gbá iyanrìn kúrò, ó wo amọ̀ náà pẹ́, ó gbójú sókè, ó wò mí. Lẹ́yìn náà ló ṣí i. Wáìnì ti fà dé ìdajì, èyí tó kù ti kan. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rántí bí ẹ ṣe tu ú dànù, ẹ ò tiẹ̀ pè é ní Bàbá mọ́: "Remazi, irú ìkòkò wo lo mọ fún wa? Ó ń jò!" Ìyàwó ń wò, àwọn àna ń wò. Gela ní, "Bàbá kékeré, ẹ̀yin lẹ nímú, ẹ bá wa wò ó." Mo tẹ imú bọ ẹnu ìkòkò. Mo mọ ohun tí mo mọ̀. Mo ní, "Ìkòkò ló là."

Bàbá Remazi dé fìlà rẹ̀, ó lọ. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò ra ìkòkò rẹ̀ mọ́; ibi tó ti ń sun ìkòkò ti di ilé adìyẹ. Wọ́n ní ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Èmi da tèmi, òun ló bò lójú.

Lánàá, mo fi ọ̀pá tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo jẹ́wọ́, mo sì béèrè ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ yìí: kí ló rí tó fi wò mí bẹ́ẹ̀? Ó na àtàǹpàkò rẹ̀ sí mi, èyí tí ayùn gé ìdajì rẹ̀ nígbà èwe rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, èmi ni mo gbàgbé.

"Odindi àtàǹpàkò ló wà lórí amọ̀ yẹn," ló wí.

"Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi dákẹ́?"

"Ìgbéyàwó là ń ṣe, Otia. Mo ní wàá wá bá mi kílẹ̀ ó tó ṣú. Mo gbé àga síta, mo ń dúró dè ẹ́."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa gba ahá lọ́wọ́ mi, kò sẹ́ni tí kì í fẹ́ mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí kì í ṣe tiyín, ẹ jẹ́ kó pamọ́ de ẹni tó ni ín. Ẹ̀gbọ́n mi, Gela, ẹ forí jì mí. Bí ẹ ò bá sì tíì lè forí jì mí, ẹ ṣáà dìde, ká jọ lọ sílé Bàbá Remazi báyìí. Àga náà ṣì wà níta.