Káàdì Ọkọ̀ Òkun Babáṣọlá

Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹta ọdún 2024 ni Babáṣọlá ọ̀rẹ́ mi ṣubú ní balùwẹ̀ ilé rẹ̀ ní Ire-Akari, ó sì kú. Kò sí ẹni tí yóò gbé e dìde. Èmi Adéjùmọ̀ ni mo jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ẹbí rẹ̀, mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí mì tó. Ẹ gbọ́ ọ lónìí.

Sítáǹbù ló so wá pọ̀ láti kékeré. Nígbà tí a dàgbà, a bẹ̀rẹ̀ sí í kó káàdì ìrántí tí wọ́n ń tẹ̀ fún àfihàn sítáǹbù lókè òkun. Wọ́n á fín àwòrán sára irin, wọ́n á fi tẹ páálí, yínkì rẹ̀ á sì wú. Òfin àwa tí a ń kó o ni pé ìka kì í kan ojú káàdì. Píńsà la fi ń mú un. Babáṣọlá ní ọ̀kan tí èmi kò rí rà rí: ọkọ̀ òkun onígbòkun mẹ́ta. “Jùmọ̀, má fojú jẹ ẹ́ tán o,” ni ó máa ń wí, a ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tèmi kò dénú.

Àrùn gba ojú rẹ̀. Jennifer ìyàwó ọmọ rẹ̀, tí ọkọ rẹ̀ wà lókè òkun, ló ń se oúnjẹ fún un, tó ń mú un lọ wẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, èmi á wá ròyìn àwọn káàdì náà fún un. Níbẹ̀ ni mo ti yọ ọkọ̀ òkun, mo fi ẹ̀dà tí mo ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Òkè-Àfà rọ́pò rẹ̀. Mo ní, ojú kò ríran, ìka kì í kàn án. Ta ni yóò mọ̀? N kò mọ̀ pé láti ìgbà tí ojú ti lọ, ó ti ń rú òfin wa. Bí ó bá dá wà, á fọ ọwọ́, á fi ìka wá ojú ìlà yínkì.

Lọ́sẹ̀ kejì, ìka rẹ̀ lọ, ó bọ̀ lójú ẹ̀dà náà níṣojú mi. “Jùmọ̀, ó ń dán, yínkì kò wú mọ́. Ọkọ̀ mi ti rì.” Ó pe Jennifer.

“Daddy, mi ò fọwọ́ kàn án o! Kí ni mo fẹ́ fi páálí ṣe?”

“Jùmọ̀, yàtọ̀ sí ìwọ, ta ló ń wọ yàrá yìí?”

Mo ní, “Jennifer nìkan ni.”

Ọmọ náà wò mí. “Ẹ ṣeun, sà.” Ó kó ẹrù lọ sí Àjàó Estate.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Nígbà tó yá, Babáṣọlá wí pé, “Bóyá ìka mi ló ti kú, Jùmọ̀. Bóyá mo ṣẹ ọmọ ọlọ́mọ. Bá mi pè é kó padà.” Fóònù wà lọ́wọ́ mi. Mo ní, “Bí ó bá padà, ìyókù náà á lọ.” Ó mi orí. Balùwẹ̀ ló kàn.

Bí mo bá jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, ìka rẹ̀ ni mò ń gbọ́ lórí páálí.

Jennifer, ọmọ mi, ìwọ kọ́ ni olè. Èmi ni. Bí o kò bá lè dárí jì mí, jẹ́ kí wọ́n ṣáà dá orúkọ rẹ padà fún ọ. Káàdì ọkọ̀ òkun nìyí lórí tábìlì.

Ohun tí Babáṣọlá fi sílẹ̀ nìyí: álíbọ́ọ̀mù káàdì mẹ́rin, píńsà tó ti dípẹtà, ọ̀pá tó fi ń táràrà, àga tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn jókòó lé, nítorí ó ní tèmi ni, àti ẹ̀dà káàdì kan tí ìka rẹ̀ ti ha ọkọ̀ ojú rẹ̀ dànù, tó ku omi nìkan.