Àwọn Tí Mo Ní Wọn Kò Gbé Létí Ọ̀sà

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí, èmi ló kọ́kọ́ bá wí. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni pé èmi ni wọ́n rán lọ sí àdúgbò àwọn apẹja létí ọ̀sà, pé kí n lọ wò ó bóyá èèyàn ń gbé ibẹ̀. Mo rí ilé pákó, mo rí aṣọ lórí okùn, mo sì rí ìyá arúgbó kan, Ìyá Àbẹ̀kẹ́, tó ń yan ẹja lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó fún mi lómi mu.

Ó ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, kọ orúkọ mi sílẹ̀ o. Inú ilé yìí ni mo bí gbogbo ọmọ mi sí."

Mo ní, "Mo ti kọ ọ́, Mà."

Irọ́ ni mo pa. Kí n tó kúrò ní ọ́fíìsì ni ọ̀gá mi ti sọ fún mi pé ìjọba fẹ́ gba ilẹ̀ náà, kí n kọ ọ́ pé ó ṣófo. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, katapílà wọ àdúgbò náà nínú òjò, ó wó gbogbo ilé ibẹ̀. Ìyá Àbẹ̀kẹ́ kò ríbi forí pamọ́ sí. Òtútù ló pa á.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ọjọ́ kẹta ààwẹ̀ mi, mo gbàdúrà tán lọ́sàn-án gangan, mo gbórí lé Bíbélì, oorun sì gbé mi lọ. Mo rí ọkùnrin kan nínú aṣọ funfun. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Dìde, tẹ̀ lé mi."

A dé pápá kan tí kò ní igi, tí kò ní òrùlé. Òjò ń rọ̀ níbẹ̀, iná sì ni òjò náà. Àwọn èèyàn jàǹkànjàǹkàn ń sáré lọ síbi ilé kan lókèèrè, agbádá wọn ti jó mọ́ wọn lára. Bí ọwọ́ wọn bá ti kan ilẹ̀kùn, ilé á wó lù wọ́n, wọ́n á tún dìde, wọ́n á tún máa sáré.

"Àwọn tó wó ilé mọ́ tálákà lórí nìyẹn," ni amọ̀nà mi wí.

Mo rí àwọn onílé tó ní àfi kí obìnrin bá wọn sùn kó tó rí yàrá gbà. Wọ́n so wọ́n mọ́ ibùsùn iná. Mo rí àwọn tí ọwọ́ ọ̀tún wọn ń jó bí àtùpà, tí wọ́n ń pariwo orúkọ ara wọn, tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn.

"Àwọn wo nìyí, olúwa mi?"

"Àwọn tó fi kálámù parọ́."

Ó fa ọwọ́ mi, ó fi àyè kan hàn mí láàrin wọn, àyè náà ṣófo, iná ti ń jó yí i ká, mo wò ó, mo rí orúkọ mi, orúkọ tí bàbá mi sọ mí, mo kígbe, mo ṣubú, mo di aṣọ rẹ̀ mú, mo ní ẹ jẹ́ n padà, ẹ ṣàánú mi, ẹ jẹ́ n padà!

Ó fà mí dìde. Ó gbé mi dé ìlú kan tí atẹ́gùn ibẹ̀ tutù, tí orúkọ ẹni tó ni ilé wà lára ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Ìyá Àbẹ̀kẹ́ jókòó sẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ìyá, ẹ dárí jì mí."

Ó ní, "Mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mi ń sùn lábẹ́ afárá. Lọ sọ pé a gbé ibẹ̀."

Mo jí, omijé ti rin Bíbélì mi.

Àwọn apẹja náà ti gbé ẹjọ́ wọn lọ sí kóòtù. Ní Ọjọ́ Ẹtì mo lọ bá lọ́yà wọn, mo sì búra pé èèyàn gbé ibẹ̀. Wọ́n lé mi níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹjọ́ kò tíì parí.

Ẹ̀yin ará, bí ẹnì kan bá wà níbí tó ti ní kí wọ́n kó ẹrù opó tàbí aláìsàn síta, kó má dúró de ìparí ìsìn. Kó dìde báyìí, kó lọ bá wọn. Èmi jí. Àwọn tí mo rí níbẹ̀ kò lè jí mọ́.